Láti inú ìkòkò ọbẹ̀ dé inú iṣan: bí ẹ̀jẹ̀ ríru ṣe ń bẹ̀rẹ̀

Tí àrùn rọpárọsẹ̀ bá gbé ẹnì kan ṣánlẹ̀, ọ̀rọ̀ tí à ń gbọ́ ni pé ara rẹ̀ le koko lánàá, pé kò ṣàìsàn kankan rí. Kò ní pẹ́ tí wọn yóò fi máa wá ẹni tó ṣe é. Bẹ́ẹ̀, lọ́pọ̀ ìgbà, ẹ̀jẹ̀ ríru ti wà lára onítọ̀hún láti ọdún gbọọrọ, ẹnikẹ́ni ni kò wọ̀n ọ́n wò. Ẹ̀fọ́rí kì í ṣe àmì tó ṣeé gbára lé: ẹni tí ìwọ̀n ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ lórí ẹ̀rọ ti di 170 lè máa jó lóde ìnáwó, kí ẹni tí orí ń fọ́ sì wà ní 115. Ìrònú náà kọ́ ni gbogbo rẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé òun la sábà máa ń dá lẹ́bi. Ìrònú ń gbé e sókè fún ìgbà díẹ̀ lóòótọ́. Ohun tó ń mú kó fìdí kalẹ̀ sókè ni àwọn nǹkan kéékèèké tí à ń ṣe lójoojúmọ́ láìkà wọ́n sí, iyọ̀ sì wà lára àwọn tó ṣáájú.

Nǹkan méjì ló ń pinnu agbára tí ẹ̀jẹ̀ fi ń ti ògiri iṣan: bí ẹ̀jẹ̀ tí ọkàn ń tú jáde ṣe pọ̀ tó, àti bí ọ̀nà tó ń gbà kọjá ṣe fẹ̀ tó. Ọkàn ń lù ní nǹkan bí ìgbà 100,000 lójúmọ́. Nígbà tó bá fún ara rẹ̀ pọ̀ láti ti ẹ̀jẹ̀ jáde, agbára yẹn á ga. Òun ni nọ́ńbà òkè. Nígbà tó bá sinmi kó tó tún lù, á wálẹ̀. Òun ni nọ́ńbà ìsàlẹ̀. 120/80 tàbí kó dín díẹ̀ ni ibi tó dára. Ní ọsibítù, tó bá ti di 140/90, tó sì ń rí bẹ́ẹ̀ lemọ́lemọ́, Àjọ Ìlera Àgbáyé ń pè é ní ẹ̀jẹ̀ ríru. Láti ọdún 2017 ni àwọn dókítà ọkàn ní Amẹ́ríkà ti sọ ọ́ di 130/80 ní tiwọn.

Iyọ̀ ń fa omi mọ́ra. Kíndìnrín ń sẹ́ nǹkan bí lítà omi 180 látinú ẹ̀jẹ̀ lójúmọ́, ó sì ń dá fẹ́rẹ̀ẹ́ gbogbo rẹ̀ padà. Ìwọ̀nba lítà kan tàbí méjì ló ń bá ìtọ̀ jáde. Tí iyọ̀ bá pọ̀ nínú ẹ̀jẹ̀, òùngbẹ á gbẹ ènìyàn, á mumi, kíndìnrín á sì di omi náà mú títí tí yóò fi rí iyọ̀ ọ̀hún tọ̀ dànù. Ní àkókò yẹn, ẹ̀jẹ̀ tó wà nínú iṣan ti pọ̀ ju bó ṣe yẹ lọ. Kíndìnrín ẹlòmíràn ń tètè parí iṣẹ́ yìí. Ti ẹlòmíràn ń lọ́ra, àfi kí ẹ̀jẹ̀ túbọ̀ fi agbára tì í kó tó lè jọ̀wọ́ iyọ̀. Tó bá ń rí bẹ́ẹ̀ lójoojúmọ́, ògiri iṣan á nípọn, á sì gan, bíi rọ́bà omi tí oòrùn ti pa fún ọdún púpọ̀. Láti ibẹ̀ lọ, ààwẹ̀ iyọ̀ ọjọ́ méjì kò lè mú un wálẹ̀ mọ́.

“Ìdílé wa ló ni ín” jẹ́ òótọ́ tí kò pé. Ẹni tí bàbá tàbí ìyá rẹ̀ ní in súnmọ́ ọn ju ẹlòmíràn lọ. Ṣùgbọ́n ní ọdún 1997, wọ́n tẹ ìwádìí kan jáde tí wọ́n fi wọn ẹ̀jẹ̀ àwọn àgbàlagbà tí orísun wọn jẹ́ Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà: ní Nàìjíríà àti Kamẹrúùnù, ní Jàmáíkà, Saint Lucia àti Barbados, àti ní Maywood lẹ́bàá Chicago. Nínú ènìyàn 100, 16 ló ní ẹ̀jẹ̀ ríru nílé níbí, 26 ní àwọn erékùṣù Kàríbíà, 33 ní Amẹ́ríkà. Orísun kan náà ni gbogbo wọn. Ìsanra àti iyọ̀ tí wọ́n ń jẹ kò dọ́gba. Ẹni tó ń wọkọ̀ lẹ́nu ọ̀nà ilé, tó ń sọ̀ kalẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà ọ́fíìsì n'Íkẹjà lónìí, ọ̀nà Chicago ló ń tọ̀. Àwọn Yanomami sì wà nínú igbó Brazil tí wọn kì í fi iyọ̀ sóúnjẹ. Nígbà tí wọ́n wọn tiwọn, wọ́n rí i pé ẹ̀jẹ̀ wọn kì í ga bí ọjọ́ orí ṣe ń lọ. Níhìn-ín, “àgbà ló dé” la fi ń ṣàlàyé 150 lára ìyá ẹni ọgọ́ta ọdún.

Ẹ jẹ́ ká wo ìkòkò ẹ̀fọ́ kan fún ènìyàn mẹ́rin. Wọ́n kọ́kọ́ bọ ẹran pẹ̀lú àlùbọ́sà, magí méjì àti ṣíbí tíì iyọ̀ kan. Wọ́n dín ata, wọ́n da omi ẹran sí i, wọ́n ju magí mẹ́ta sí i. Ede, pànlá àti irú wọlé, tàwọn ti iyọ̀ ara wọn. Ẹni tó ń sè é tọ́ ọ wò, ó ní kò tíì dùn, ó bu ṣíbí iyọ̀ kejì sí i. Kóró magí kan máa ń tó gíráàmù 4. Iyọ̀ ni wọ́n sábà máa ń kọ ṣáájú lára paálí rẹ̀, nítorí òun ló pọ̀ jù níbẹ̀. Ká tilẹ̀ ní ìdajì péré ni, magí márùn-ún yẹn ti di iyọ̀ gíráàmù 10. Ṣíbí tíì kan jẹ́ nǹkan bí gíráàmù 5, méjì jẹ́ 10. Ó di 20. Tí àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin bá jẹ ẹ́ tán lọ́jọ́ kan, gíráàmù 5 ló kan ẹnì kọ̀ọ̀kan, a ò tíì ka ti ede àti pànlá. Àjọ Ìlera Àgbáyé sì ní kí iyọ̀ tí àgbàlagbà ń jẹ lójúmọ́ má tó gíráàmù 5, gbogbo oúnjẹ pọ̀. Búrẹ́dì àárọ̀ kò sí nínú ìṣirò yìí, bẹ́ẹ̀ ni Indomie ọ̀sán.

Owó wà nínú ọ̀rọ̀ náà. Nígbà tí ẹja àti ẹran bá ti kọjá agbára, magí ni ọ̀pọ̀ ilé fi ń ra adùn, nítorí náà ẹ̀bi ẹni tó dáná nìkan kọ́. Síbẹ̀, ọwọ́ tó mú ṣíbí ni àtúnṣe ti lè tètè bẹ̀rẹ̀, torí ahọ́n máa ń kọ́ ẹ̀kọ́. Tí wọ́n bá ń dín iyọ̀ kù díẹ̀díẹ̀, láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan ọbẹ̀ tó tẹ́ lẹ́nu á padà di aládùn, ti àtijọ́ á sì wá di oníyọ̀. Dídín in kù lójijì ló ń dá ìjà sílẹ̀ nílé. Ibi tó rọrùn jù láti mú un kúrò ni ìdí ẹran bíbọ̀, nítorí iyọ̀ ibẹ̀ ni wọ́n máa ń gbàgbé tí wọ́n bá ń wọn ti ọbẹ̀. Irú tí wọn kò fi iyọ̀ sí, atalẹ̀, ááyù àti efinrin lè bo ipò magí mẹ́ta yẹn. Àṣà tuntun tó bá so mọ́ ohun tí ọwọ́ ti ń ṣe tẹ́lẹ̀ ló ń pẹ́: kí wọ́n ka magí tí wọ́n fẹ́ lò sọ́tọ̀ kí wọ́n tó gbé ìkòkò kaná, kí ìyókù padà sínú kọ́bọ́ọ̀dù. Ẹni tó ń jẹun ní búkà kò lè pàṣẹ fún olóúnjẹ, ṣùgbọ́n ó lè ní kí wọ́n má da omi ọbẹ̀ kún àwo.

Ìrìn kíákíá fún ìṣẹ́jú 30, ọjọ́ márùn-ún lọ́sẹ̀, ń mú un wálẹ̀. Ẹ̀wà, ọ̀gẹ̀dẹ̀ àti ẹ̀fọ́ ní èròjà potassium tó ń ran kíndìnrín lọ́wọ́ láti tọ iyọ̀ dànù. Ẹni tí kíndìnrín rẹ̀ ti ń ṣàìsàn ni kó kọ́kọ́ bi dókítà. Ọtí ń gbé e sókè, paraga gáréèjì náà kò yọ sílẹ̀. Èyí tí ọ̀pọ̀ kò fura sí ni oògùn ara ríro: diclofenac àti ibuprofen, tí àwọn oníṣẹ́ agbára ń gbé mì lálaalẹ́, ń mú kí kíndìnrín di iyọ̀ àti omi mú.

Wíwọ̀n án gan-an ni wọ́n máa ń ṣe ní ìdàkudà. Ẹni tó gun àtẹ̀gùn wọ kẹ́míìsì, tó jókòó sórí bẹ́ǹṣì tí kò ní ẹ̀yìn, tó gbé ẹsẹ̀ lé ẹsẹ̀, tó ń bá nọ́ọ̀sì sọ̀rọ̀ owó epo bí ẹ̀rọ ṣe ń fún un lápá, nọ́ńbà tí kì í ṣe tirẹ̀ ni yóò gbà relé. Kò yẹ kó mu kọfí tàbí sìgá láàárín ìṣẹ́jú 30 tó ṣáájú. Kó ti tọ̀. Kó jókòó jẹ́ẹ́ fún ìṣẹ́jú 5, kí ẹ̀yìn rẹ̀ fara ti nǹkan, kí àtẹ́lẹsẹ̀ méjèèjì kanlẹ̀, kí apá wà lórí tábìlì ní déédéé ọkàn. Awọ ara ni wọ́n ń de aṣọ ẹ̀rọ náà mọ́, kì í ṣe orí apá bùbá. Tí aṣọ ọ̀hún bá kéré fún apá tó tóbi, nọ́ńbà á ga ju bó ṣe yẹ lọ. Kó dákẹ́. Kó wọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀mejì láàárọ̀ kó tó lo oògùn, lẹ́ẹ̀mejì lálẹ́, kó sì kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀, tó fi mọ́ èyí tí kò dùn mọ́ ọn. Ti ọ̀sẹ̀ kan ló ń sọ òótọ́. Nílé, tí ìpíndọ́gba rẹ̀ bá ti di 135/85, ó yẹ kí dókítà rí ìwé náà.

Oògùn kì í ṣe ìjìyà fún ẹni tó kùnà. Amlodipine ń dẹ iṣan kó lè fẹ̀. Oògùn tó ń mú ni tọ̀ ń lé iyọ̀ àti omi jáde. Kò sí èyí tó ń wò ó sàn bí oògùn ibà ṣe ń lé ibà lọ. Ẹni tó rí 125 lẹ́yìn oṣù kan, tó wá dáwọ́ dúró pé ara òun ti yá, kó mọ̀ pé oògùn ló gbé e dé 125. Tí amlodipine bá ń mú ẹsẹ̀ wú, dókítà lè pààrọ̀ rẹ̀.

Tí ẹ̀rọ bá fi 180/120 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ hàn, kó sinmi fún ìṣẹ́jú díẹ̀, kó tún un wọ̀n. Tó bá ṣì wà bẹ́ẹ̀, kó kàn sí dókítà lọ́jọ́ náà gan-an. Ṣùgbọ́n tí àyà bá ń dùn ún, tí kò lè mí dáadáa, tí ẹnu wọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, tí apá kan kò ṣeé gbé tàbí tí ọ̀rọ̀ ń lọ́ mọ́ ọn lẹ́nu, ọsibítù ni kí wọ́n gbé e lọ lójú ẹsẹ̀, kì í ṣe kẹ́míìsì, kí wọ́n sì mọ aago tó bẹ̀rẹ̀, torí dókítà yóò béèrè.