Bí Ayé Ṣe Mọ̀ Pé Òòfà Ń Rìn

Ní etí ọ̀sà Ẹ̀pẹ́, ọkọ̀ ẹlẹ́ńjìnnì á ti sáré kọjá, ariwo rẹ̀ á ti rọlẹ̀, kí ìgbì tó dá sílẹ̀ tó dé ọ̀dọ̀ àwọn ọkọ̀ igi tí wọ́n so mọ́ èbúté. Ìgbà náà ni wọ́n á ṣẹ̀ṣẹ̀ máa mì, tí wọ́n á máa forí gbá ara wọn. Ohun tó wá sí mi lọ́kàn nìyẹn nígbà tí àbúrò mi bi mí pé: "Ẹ̀gbọ́n mi, bí oòrùn bá pòórá báyìí, ṣé kíá náà layé máa já kúrò lójú ọ̀nà rẹ̀?"

Rárá o. Ó lé ní ìṣẹ́jú mẹ́jọ tí ayé á ṣì máa yí po ibi tí oòrùn ò sí mọ́, torí pé òòfà, ìyẹn agbára tí oòrùn fi ń fa ayé mọ́ra, ń rìn bí ìgbì ọkọ̀ yẹn ni, ó ń gba àkókò kó tó dé. Ṣùgbọ́n ó pẹ́ gan-an kí ẹ̀dá tó mọ̀ bẹ́ẹ̀.

Nígbà tí Isaac Newton, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ará Gẹ̀ẹ́sì, gbé òfin òòfà jáde lọ́dún 1687, kò sí ìrìn kankan nínú ìṣirò rẹ̀: bí oòrùn bá ti fà, lójú ẹsẹ̀ ni ayé gbà. Ọkàn òun fúnra rẹ̀ kò balẹ̀ pé nǹkan lè máa fa nǹkan láti òkèèrè láìsí ohunkóhun láàárín wọn. Ní 1805, Pierre-Simon Laplace, onímọ̀ ìṣirò ará Faransé, wo ìrìn òṣùpá, ó sì ṣírò pé bí òòfà bá ń rìn, ó ní láti yá ju ìmọ́lẹ̀ lọ ní ìlọ́po mílíọ̀nù méje, ó kéré tán.

Albert Einstein ló yí ọ̀rọ̀ náà padà. Ní 1915 ó ṣàlàyé pé òfuurufú gan-an ló ń tẹ̀ níbi tí ohun tó wúwo bá wà, títẹ̀ yẹn sì ni òòfà. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, ó ní bí irú nǹkan bẹ́ẹ̀ méjì bá ń yí ara wọn po, wọ́n á máa ru ìgbì sókè nínú òfuurufú, ìgbì náà á sì máa sáré bí ìmọ́lẹ̀: kìlómítà 300,000 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Ìgbì ọ̀hún kéré débi pé September 14, 2015 ni ẹ̀rọ LIGO, tí wọ́n ṣe láti fi wá ìgbì òòfà, tó wà ní ibi méjì l'Amẹ́ríkà, tó kọ́kọ́ gbá a mú.

Èyí tó wú mi lórí jù ni ti August 17, 2017. Ìràwọ̀ neutron méjì, ìyẹn òkú ìràwọ̀ tó ki pọ̀ gan-an, kọlu ara wọn lọ́nà jíjìn réré. Ìgbì òòfà wọn dé ọ̀dọ̀ wa, ìṣẹ́jú-àáyá 1.7 lẹ́yìn rẹ̀, sátẹ́láìtì Fermi rí ìtànṣán gamma wọn, irú ìmọ́lẹ̀ kan tí ojú lásán ò lè rí. Nǹkan bíi mílíọ̀nù 130 ọdún ni àwọn méjèèjì ti fi wà lọ́nà, wọn ò fi ìṣẹ́jú-àáyá méjì ju ara wọn lọ, ó sì ṣeé ṣe kí ìtànṣán náà ti pẹ́ díẹ̀ kó tó gbéra.

Àbúrò mi ní kí n tún un sọ.