Omi Kànga Ló Jẹ̀bi, Kì í Ṣe Ọṣẹ Dúdú

Ní Òṣogbo, ìlú Ọ̀ṣun Olóòyà-iyùn, kò yẹ kí òòyà máa kán sórí irun tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ̀. Ṣùgbọ́n ó ń kán. Irun á jáde nínú omi, á le bíi kànrìnkàn gbígbẹ, wọ́n á ní ọṣẹ dúdú ló fà á. Àwọn mìíràn á ní kò tíì mọ́ ni, wọ́n á tún ki ọṣẹ bọ̀ ọ́. Ibẹ̀ gan-an ni wọ́n ti ń dá kún un.

Ẹ wo ẹpìà lórí àtẹ ní Ọjà-Ọba (kì í ṣe ẹja Ọ̀ṣun inú igbó òrìṣà o, ẹnikẹ́ni kì í pa ìyẹn). Fọwọ́ ra á láti orí sí ìrù, yóò máa yọ̀. Fọwọ́ ra á láti ìrù sí orí, ìpẹ́ á máa kọ́ni lọ́wọ́. Bẹ́ẹ̀ ni fọ́nrán irun rí. Ìpẹ́ tíntìntín tí ojú lásán kò lè rí ló bò ó, wọ́n gun ara wọn, ẹnu wọn sì kọjú sí ṣóńṣó. Bí ìpẹ́ bá palẹ̀, irun á dán, òòyà á kọjá wọ́ọ́rọ́. Bó bá ṣí, fọ́nrán kan á gbá èkejì mú, ó di kókó.

Eérú èèpo kòkó àti àdín ni wọ́n sábà fi ń se ọṣẹ dúdú, omi eérú sì máa ń ṣí ìpẹ́ irun. Èyí kò tíì burú. Ìgbà tí omi kànga bá le ni wàhálà dé. Omi tó gba inú àpáta kọjá máa ń gbé kálísíọ̀mù, èròjà kan láti inú òkúta, dání. Bó bá pàdé ọṣẹ, àwọn méjèèjì á so pọ̀ di nǹkan funfun tó ń lẹ̀, tí kì í yòrò. Òun náà ló máa ń yí etí báfù ká. Lórí irun, ó ń lẹ̀ mọ́ ìpẹ́ tó ti ṣí. Ọṣẹ tí wọ́n bá tún bù sí i, nǹkan tó ń lẹ̀ náà ni wọ́n ń fi kún.

Láti mọ omi líle, ẹ bu omi àti ọṣẹ dúdú díẹ̀ sínú ìgò, ẹ mì ín. Bí kò bá hó, tó dà bí wàrà tó dì, ó le. Omi òjò kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ jẹ́ kó kọ́kọ́ fọ páànù fún ìṣẹ́jú 10 kí ẹ tó gbé bọ́kẹ́ẹ̀tì sí i. Ní ọ̀gbẹlẹ̀, ṣaǹpú dára, torí òun kì í bá omi líle dì. Kì í ṣe pé ó mọ́ ju ọṣẹ dúdú lọ.

Bí ọṣẹ dúdú bá wu èèyàn, ó rọrùn: lẹ́yìn ṣíṣan, ẹ po oje ọsàn wẹ́wẹ́ tí ẹ ti sẹ́, ṣíbí ìjẹun 1, mọ́ omi lítà 1, ẹ dà á sórí, ẹ fi í sílẹ̀ fún ìṣẹ́jú 1, ẹ tún ṣan án. Kíkan oje náà máa ń mú nǹkan tó ń lẹ̀ náà jáde, á sì dá ìpẹ́ padà sílẹ̀. Ẹ ṣan ọrùn pẹ̀lú, torí oje ọsàn tó bá rí oòrùn máa ń jó awọ.

Kí èèyàn fọ irun lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀ tàbí ní ọ̀sẹ̀ 2, ó tó. Òrí tàbí àdín àgbọn, ìgbà tí irun ṣì tutù díẹ̀ ni kí ẹ fi í pa á, torí epo kì í fún irun lómi, ó kàn ń ti èyí tó wà nínú rẹ̀ mọ́lé ni. Bí wọ́n bá fẹ́ di sùkú, irun gbọ́dọ̀ gbẹ dé ìdí, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ orí á bẹ̀rẹ̀ sí í rùn lábẹ́ gèlè.