Bí Èérún Igi Ṣe Di Ọ̀ṣọ́ Ọgbà

Ewúrẹ́ ló yẹ kí a kọ́kọ́ dárúkọ nínú ìtàn bí èérún igi ṣe di ọ̀ṣọ́, nítorí òun ló sọ fífi ẹ̀ka igi sọgbà di dandan. Ní gbogbo ilẹ̀ Okun, ilẹ̀ àwọn Yorùbá tó wà ní ìwọ̀ oòrùn ìpínlẹ̀ Kogi, láti Kàbà títí dé Ẹ̀gbẹ̀, láti Ìyàrá lọ sí Ìsánlú, ẹni tó bá gbin ẹ̀fọ́ sí ẹ̀yìnkùlé tí kò sọgbà yí i ká, ewúrẹ́ ló gbìn ín fún. Kò sí ẹni tí yóò la gẹdú nítorí ewédú àti ilá. Ohun tó wà nílẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́ ni ẹ̀ka tí ìjì àkọ́rọ̀ òjò ya lulẹ̀, àti àwọn tí wọ́n ré kúrò lórí igi nígbà tí wọ́n ń ṣánko. Wọ́n á gbẹ́ ẹnu àwọn tó nípọn ṣónṣó, wọ́n á rì wọ́n mọ́lẹ̀ tẹ̀léra, wọ́n á wá máa ki àwọn tẹ́ẹ́rẹ́ kọjá láàrín wọn, iwájú ọ̀kan, ẹ̀yìn èkejì, títí ọgbà á fi dé ìbàdí. Ẹni tó bá ti rí obìnrin Bùnú, ní ilẹ̀ Okun kan náà, nídìí òfì olóòró rí yóò mọ bí ọwọ́ ṣe ń lọ nínú iṣẹ́ yìí: òwú kan dúró, òmíràn ń gba àárín rẹ̀ kọjá.

Iṣu ni olùkọ́ kejì. Àwọn ará Yàgbà àti Ìjùmú mọ iṣu í gbìn, ìtàkùn iṣu kò sì fẹ́ràn àti máa nà sílẹ̀. Ó ń wá ohun tí yóò gùn kí ewé rẹ̀ lè rí oòrùn. Ọdọọdún ni àgbẹ̀ ń ṣa ọ̀pá jọ fún un. Níbi ìṣajọ yìí ni ojú àgbẹ̀ ti mọ igi yà sọ́tọ̀. Èyí tó gùn tó sì tọ́ di ọ̀pá iṣu, èyí tó ya pàlàkà di òpó ahéré tàbí ti àtíbàbà, èyí tó gbẹ dénú di igi ìdáná. Kí ló wá kù? Igi wọ́rọ́kọ́ ni. Àwọn àgbà ti sọ tirẹ̀ pé òun ló ń da iná rú. Iṣu kò lè gùn ún, kò ṣeé fi gbé òrùlé ró, ìyá tó ń dáná kò sì fẹ́ ẹ nídìí ààrò. Èmi gbà pé ọwọ́ ẹni tó gbé irú igi bẹ́ẹ̀ dání, tí kò tètè jù ú nù, ni ọ̀ṣọ́ ọgbà ti bẹ̀rẹ̀.

Kí n tó kúrò lóko: kì í ṣe gbogbo igi tí wọ́n rì mọ́lẹ̀ ló jẹ́ òkú igi. Ẹ̀ka ìyeyè, akòko àti lápálápá máa ń ta gbòǹgbò bí òjò bá bá wọn nínú ilẹ̀. Àwọn baba wa mọ èyí, wọ́n sì ń rì wọ́n sáàárín àwọn tó ti gbẹ, tó fi jẹ́ pé kí ikán tó jẹ èyí tó gbẹ tán, èyí tó yè ti rúwé, ó ti di ọgbà fúnra rẹ̀.

Àwọn ará òkè òkun náà, oko ni wọ́n gbà dé ìdí ọ̀ṣọ́ yìí. Ní Somerset, ní apá ìwọ̀ oòrùn gúúsù ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, àwọn tó ń wa ilẹ̀ irà rí ẹ̀ka hazel, igi kékeré kan ní ilẹ̀ wọn, tí wọ́n hun, tí wọ́n sì tẹ́ sórí ẹrẹ̀ kí ènìyàn lè rìn kọjá. Ó ti lé ní 4,000 ọdún tí wọ́n ti tẹ́ ẹ síbẹ̀. Hazel ní ìwà kan tó wúlò: bí a bá gé e nídìí, á tún yọ ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọ̀mùnú tó tọ́, tó sì ṣeé tẹ̀. Àwọn darandaran àgùntàn ń fi ọ̀mùnú wọ̀nyí hun ọgbà tí wọ́n lè gbé láti pápá kan sí òmíràn, àwọn olóko sì ń fi ẹ̀ka rẹ̀ gbé ẹ̀wà ró. Kò sí ẹni tó pè é ní ọ̀ṣọ́ nígbà náà.

Àwọn olówó ló yí i padà. Nígbà tí ilé iṣẹ́ ẹ̀rọ ti kún ìlú wọn, igi tí èèpo rẹ̀ ṣì wà lára rẹ̀ wá di ohun tí ojú wọn ń wá. Ní 1856, nínú ọgbà James Bateman ní Biddulph Grange ní Staffordshire ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Edward Cooke kó kùkùté igi jọ, ó dorí wọn kodò kí gbòǹgbò wọn lè yọ sókè, wọ́n sì gbin ewéko sáàárín wọn. Ní 1858, wọ́n yan àwòrán tí Frederick Law Olmsted àti Calvert Vaux yà fún Central Park, ọgbà ìgbafẹ́ ńlá kan ní New York ní Amẹ́ríkà. Nígbà tí iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀, ẹ̀ka igi tí wọn kò bó èèpo rẹ̀ ni wọ́n fi kọ́ àtíbàbà àti ìjókòó síbẹ̀. Láti 1877 ni William West Durant ti ń kọ́ ilé ìsinmi sínú igbó Adirondack ní ìpínlẹ̀ New York, tí ẹ̀ka àti èèpo igi sì di ohun èlò àga àti ògiri. Bí mo ṣe rò ó tó, ohun tí kò kúrò lọ́kàn mi ni pé ọgbọ́n àgbẹ̀ àti darandaran ló wà nísàlẹ̀ gbogbo rẹ̀. Olówó kàn fún un ní àyè tuntun ni.

Lọ́dọ̀ tiwa, ojú ilé ni àyè tuntun náà. Nígbà tí búlọ́ọ̀kù gba ipò amọ̀, tí àwọn ọmọ Okun tó ń ṣiṣẹ́ ní Èkó, Àbújá àti Ìlọrin ń kọ́ ilé sí ìlú baba wọn, ilé wá ní fẹ́ǹsì àti géètì, ó sì ní àyè níwájú tí kì í ṣe ti ẹ̀fọ́. Ewúrẹ́ kò rí ọ̀nà wọlé mọ́. Òdòdó ni wọ́n gbìn síbẹ̀. Ìkòkò òdòdó onísìmẹ́ńtì àti oníke, owó ni. Ẹni tó sì ń gbé inú ilé náà láti oṣù dé oṣù, bóyá ìyá àgbà tàbí bàbá tó ti fẹ̀yìn tì, ti mọ ọgbà í sọ láti kékeré. Ohun tó kù kò ju pé kí ó gé ọgbà náà kúrú. Èyí tó dé ìbàdí lóko wá di èyí tó dé kókósẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ òdòdó. Ọ̀pá iṣu mẹ́ta tí wọ́n so lórí pọ̀ di ohun tí amúnútutù ń gùn níwájú yàrá, ó ń ṣe ilé lọ́ṣọ̀ọ́, ó sì tún ń wọ inú ọbẹ̀. Agolo tòmátò tó ti ṣófo, wọ́n á to èérún igi tó gùn dọ́gba yí i ká, wọ́n á fi ìko dì í lókè àti nísàlẹ̀, ó di ìkòkò òdòdó. Àti igi wọ́rọ́kọ́ ọjọ́sí, òun gan-an ló wá níyì jù, nítorí ibi tó ti tẹ̀ ni wọ́n ń gbé ìkòkò kékeré kọ́ sí lábẹ́ máńgòrò. Fóònù dé, àwọn ọ̀dọ́ rí ti ìlú mìíràn, wọ́n fi ìràwọ̀ Kérésì àti òrùka ẹ̀ka tí wọ́n ń gbé kọ́ ẹnu ọ̀nà kún un.

Ṣùgbọ́n ikán kò sí nínú àwòrán tí wọ́n ń rí lórí fóònù. Ilẹ̀ ọ̀dàn ni tiwa. Igi tí a bá rì mọ́lẹ̀ lónìí, ikán ti gbọ́. Ayin ni àwọn àgbà kọ́kọ́ ń wá, torí igi rẹ̀ le, ikán kì í tètè borí rẹ̀. Bí kò bá sí ayin, wọ́n á ki ẹnu ọ̀pá bọ iná títí apá tó máa wọlẹ̀ yóò fi dúdú, kí wọ́n tó rì í. Tíìkì, tí wọ́n mú wọ Nàìjíríà ní 1902, ní orúkọ rere lórí ọ̀rọ̀ ikán, àmọ́ inú ìtì rẹ̀ tó dàgbà ni agbára yẹn wà, kò sí lára ẹ̀ka kékeré. Ti híhun náà ní ọgbọ́n tirẹ̀. Ẹ̀ka tó bọ́ nínú ìjì àná ṣì ṣeé tẹ̀. Èyí tí ọyẹ́ ti gbẹ, kíkán ló máa kán, àfi kí a rẹ ẹ́ sómi di ọjọ́ kejì. Èyí tí omi kò bá rọ̀, ọ̀pá ìdúró ni kí a fi ṣe. Kò sì yẹ kí ẹnikẹ́ni banú jẹ́ bí iṣẹ́ náà kò bá pẹ́. Ọmọ Amẹ́ríkà kan, Patrick Dougherty, ti ń fi ẹ̀ka igi hun ilé ńláńlá láti 1982, iṣẹ́ rẹ̀ sì ti lé ní 300, síbẹ̀ ọdún bíi méjì ni ọ̀pọ̀ wọn ń lò lórí ìdúró.

Mo ní ẹ̀bẹ̀ kan sí ẹni tó bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀. Igi tó wà nílẹ̀ ní ẹni tó ni ín. Àwọn ìyá tó ń ṣẹ́gi ló kọ́kọ́ ni ín, torí ilé tí kò ní gáàsì ń dúró dè é kí ó tó jẹun. Ohun tí ààrò kọ̀ ni kí a mú. Kí a sì fi díẹ̀ sílẹ̀ pẹ̀lú. Ní Jámánì, láàrín àwọn ọdún 1980, Hermann Benjes àti Heinrich arákùnrin rẹ̀ polongo pé kí wọ́n máa to ẹ̀ka gígé jọ ní ìlà gígùn lẹ́bàá oko. Ẹyẹ á bà sórí rẹ̀, á yàgbẹ́ hóró èso sínú rẹ̀, igi tuntun á hù jáde. Lọ́dọ̀ tiwa, iná ọ̀dàn ló sábà máa ń jẹ òkìtì bẹ́ẹ̀, nítorí náà ẹni tó bá fẹ́ ṣe é gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ ro àyíká rẹ̀ mọ́.

Lónìí, ẹni tó ń wá èérún igi ní ìwọ̀ oòrùn Kogi kò ní rìn jìnnà kó tó dé oko kaṣú, torí Kogi wà lára àwọn ìpínlẹ̀ tó ń ta kaṣú jù ní Nàìjíríà. Níbẹ̀ ni kí ẹ ti la ojú yín dáadáa. Kòkòrò kan wà tó ní ìwo gígùn lórí, Analeptes trifasciata ni àwọn onímọ̀ ń pè é, tó máa ń gé èèpo àti ara ẹ̀ka kaṣú yípo. Ó ń yé ẹyin sí apá tó ti gé náà. Ẹ̀ka á gbẹ, atẹ́gùn á já a bọ́, ọmọ kòkòrò á sì máa dàgbà nínú rẹ̀ lórí ilẹ̀. Ẹ wo ẹnu ibi tó ti já. Bí ojú gígé náà bá yí po, tó sì mọ́, iná ni kí ẹ jù ú sí lọ́jọ́ náà gan-an, torí bí ẹ bá fi ṣe ọgbà òdòdó, kòkòrò tó bá jáde nínú rẹ̀ á padà gun kaṣú yín. Èyí tó ya fúnra rẹ̀, tí ẹnu rẹ̀ rí ságaṣàga, ni kí ẹ gbé wálé.