Àgbélébùú pupa dà? Ìdáhùn sí ìbéèrè yín lórí àwòrán àwọn ọmọ ẹ̀kọ́ṣẹ́ nọ́ọ̀sì

Lóṣù tó kọjá, ìwé ìròyìn wa gbé ìròyìn jáde nípa àwọn tó ń kọ́ iṣẹ́ nọ́ọ̀sì lẹ́nu iṣẹ́, tí wọ́n sì ń gba owó oṣù. Àwòrán tí a fi ọwọ́ yà ni a lò, a kò lo fọ́tò, èyí sì ya ọ̀pọ̀ òǹkàwé lẹ́nu.

Ṣé ẹ kò rí fọ́tò ni?

A rí i, ṣùgbọ́n a kò lè tẹ fọ́tò aláìsàn jáde láìgba ìyọ̀ǹda rẹ̀, ẹni tí ìrora ń bá fínra kò sì ráyè ro irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ síwá sẹ́yìn.

Kí ló dé tí ẹ kò ya àgbélébùú pupa sára àpò ọmọ ẹ̀kọ́ṣẹ́ náà?

Nítorí pé ààmì yẹn kì í ṣe ti ilé ìwòsàn. Àdéhùn Geneva ti ọdún 1864, tí àwọn orílẹ̀-èdè jọ ṣe nípa ogun, ló yà á sọ́tọ̀ fún àwọn tó ń tọ́jú ọmọ ogun tó fara gbọgbẹ́, kí ẹnikẹ́ni má baà yìnbọn lù wọ́n. Àwọ̀ àsíá Switzerland ni wọ́n yí padà láti fi ṣe é. Àdéhùn ti ọdún 1949 kò gba ẹni tí kò ní àṣẹ láàyè láti lò ó, òfin ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè sì fi ìjìyà tì í lẹ́yìn. Bí gbogbo àpò oògùn bá ń gbé e kiri, ó lè má já mọ́ nǹkan kan mọ́ lójú ẹni tó di ìbọn mú. Àgbélébùú funfun lórí àwọ̀ ewé ni a yà.

Ejò méjì tó lọ́ mọ́ ọ̀pá, tí àwọn kan máa ń fi ṣe ààmì ìṣègùn, ńkọ́?

Ejò kan ṣoṣo ni ti Asclepius, òrìṣà ìwòsàn àwọn ará Gíríìsì. Ọ̀pá oníyẹ̀ẹ́ tó ní ejò méjì jẹ́ ti Hermes, òrìṣà àwọn oníṣòwò àti àwọn olè. Ẹni tó bá ti san owó ìtọ́jú rí lè sọ pé kò sí àṣìṣe níbẹ̀.

Ta ló yẹ àwòrán náà wò?

Nọ́ọ̀sì kan ni. Ó dá àkọ́kọ́ padà, nítorí pé aago wà lọ́rùn ọwọ́ ọmọ náà, apá aṣọ rẹ̀ sì gùn dé ọwọ́, bẹ́ẹ̀ ohun méjèèjì kì í jẹ́ kí ènìyàn fọ ọwọ́ dáadáa. Ó tún ní kí a ya àgbà nọ́ọ̀sì tì í, nítorí pé àgbà ni aláìsàn wà ní ìkáwọ́ rẹ̀.

Ṣé kí n bẹ̀rù bí ọmọ ẹ̀kọ́ṣẹ́ bá wá tọ́jú mi?

Rárá. Ó yẹ kí ó sọ fún yín pé òun ṣì ń kọ́ṣẹ́. Bí kò bá sọ, ẹ béèrè ẹni tó ń bójú tó o. Bí ọkàn yín kò bá gbà á, ẹ lè ní kí ẹlòmíràn wá.