Ẹ Gba Ìwé Àṣẹ Lọ́wọ́ Ikọ̀ Ná

Ẹ̀yin òǹkọ̀wé eré tí ẹ wà ní Kubwa, Lugbe, Nyanya àti Mararaba, ẹ kú iṣẹ́. Ẹ jọ̀ọ́, ìgbà wo lẹ máa jáwọ́ nínú èyí? Aṣojú ìjọba kan láti pílánẹ́ẹ̀tì mìíràn balẹ̀ sí Abuja. Láti ìpín 1 dé ìpín 12, ìkà ni: ó ń halẹ̀, ó ń dìtẹ̀, ó ń wo ọmọ aráyé bí ẹni ń wo eèrà. Ìpín 13 wọlé dé, ó lá àlá, ó jí, ó bú sẹ́kún, ó kúnlẹ̀ níwájú ọmọdé tó ti sọ di aláìníbaba, orin wọlé, ó parí. Bí a bá béèrè ohun tó yí i padà, ẹ ó ní ọkàn rẹ̀ ló rọ̀. Ọkàn kì í ṣàdédé rọ̀. Ẹ̀wà pàápàá, iná ló ń mú un rọ̀, ẹ sì mọ bó ṣe ń pẹ́ tó lórí iná nígbà tí gáàsì bá wọ́n.

Mi ò ní jókòó máa ṣàlàyé ohun tí ìran jẹ́ tàbí bí wọ́n ṣe ń pín eré sí ìpín. Ẹni tí kò bá mọ ìyẹn, kó lọ kọ́ ọ kó tó máa kọ nípa ikọ̀, ìyẹn aṣojú tí ìjọba rán níṣẹ́. Ohun tí ẹ ń gbójú fò ni pé ikọ̀ kì í ṣe ẹ̀dá ìtàn bíi ti àwọn yòókù. Ọ̀gá olè ń ṣe ti ara rẹ̀ ni. Ikọ̀ ń jẹ́ iṣẹ́ ni. Àwọn àgbà ní ẹni tó rán ni níṣẹ́ là ń bẹ̀rù, a kì í bẹ̀rù ẹni tí a ó jẹ́ ẹ fún. Ìlàrí tí Aláàfin ń rán lọ sí àwọn ìlú abẹ́ Ọ̀yọ́ láyé ọjọ́un, wọ́n á fá apá kan orí rẹ̀, wọ́n á dá apá kejì sí, kí ẹni tó bá rí i lókèèrè ti mọ ẹni tó rán an. Orúkọ rẹ̀ gan-an, iṣẹ́ ọba ni, bíi Mádaríkàn. Bí irú ẹni bẹ́ẹ̀ bá ṣàánú yín láàárín ọjà, àánú ta ni ẹ rí gbà? Tí kì í bá ṣe ti ọba, á jẹ́ pé ó ti dalẹ̀ ọba nìyẹn. Ibẹ̀ ni wàhálà wà. Níwọ̀n ìgbà tí ìwé àṣẹ tí ìjọba rẹ̀ fi rán an bá ṣì wà lápò ikọ̀, ohun rere tó bá ṣe, yálà ọgbọ́n ìjọba rẹ̀ ni tàbí ọ̀tẹ̀. Kò tíì sí ẹni tó dá dúró níbẹ̀ tí yóò ronú pìwà dà. Ẹ gba iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ ná.

Ẹ wo G'Kar nínú Babylon 5, eré tẹlifíṣọ̀n Amẹ́ríkà tí wọ́n fi fíìmù kan dán wò ní 1993, tí eré gan-an bẹ̀rẹ̀ ní 1994, tó sì parí ní 1998. Apá 5 ni, ìpín 22 nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan, 110 lápapọ̀. Andreas Katsulas ló ṣe G'Kar, pẹ̀lú orí tótòtó àti lẹ́ǹsì pupa lójú. Aṣojú àwọn Narn, ẹ̀yà kan láti pílánẹ́ẹ̀tì mìíràn, ni, ní ibùdó kan lójú sánmà tí àwọn ìjọba oríṣiríṣi ti ń pàdé. Nínú ìpín 1, àwọn ènìyàn rẹ̀ fi ogun gba ibùdó àgbẹ̀ kan lọ́wọ́ àwọn Centauri, ẹ̀yà mìíràn tó jẹ́ ọ̀tá wọn, òun náà sì ń gbèjà ìwà yìí láìtijú. Ẹ ó kórìíra rẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Ó yẹ kẹ́ ẹ kórìíra rẹ̀.

Ṣùgbọ́n nǹkan kan wà nílẹ̀ tẹ́lẹ̀: àwọn Centauri yìí ti fi Narn ṣe ẹrú fún nǹkan bí 100 ọdún. Bàbá G'Kar, ọmọ ọ̀dọ̀ nílé Centauri ni. Ó da ohun mímu gbígbóná sí ìyá ilé lára, wọ́n sì so ó rọ̀ sórí igi títí ó fi kú. Ìgbà wo la gbọ́ ìtàn bàbá yìí? Ìpín 37. Ẹ̀yin ni, ojú ìwé 4 ni ẹ ti ń gbé òkú bàbá jáde, kí àánú lè tètè ṣe wá. Ẹ fi í pa mọ́. Ẹni tí ìyà jẹ kì í rojọ́ fún ẹni tó kọ́kọ́ pàdé.

Ẹ wá mú bírò, ká ka ìpín. Ní ìpín 31, ọba àwọn Centauri tó ń kú lọ ránṣẹ́ ẹ̀bẹ̀ sí G'Kar. Ọkàn rẹ̀ fẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí rọ̀ lóòótọ́, ó sì lọ ra ọtí fún Londo Mollari, aṣojú Centauri, ọ̀tá rẹ̀. Ẹ wo ojú Londo níbi tí wọ́n ti ń gbé ife sókè, nítorí òun ti kọ́kọ́ pàṣẹ pé kí wọ́n pa ibùdó Narn kan run, ìròyìn ni kò tíì dé. Ìwà rere àkọ́kọ́ G'Kar, inú ọ̀fìn ló bọ́ sí. Ní ìpín 42, àwọn Centauri fi òkúta láti ojú sánmà fọ́ ìlú rẹ̀, Narn túúbá, Londo sì dìde nínú ìgbìmọ̀ àwọn aṣojú, ó ní kí wọ́n lé G'Kar síta. Ìwé àṣẹ lọ. Àga lọ. Ibi ìsádi ló kù fún un. Ìpín 50, ó ṣe Londo léṣe, wọ́n ju òun náà sí ẹ̀wọ̀n 60 ọjọ́, ibẹ̀ ló ti bẹ̀rẹ̀ sí kọ ìwé. Ìpín 70, ọba Centauri tuntun, wèrè kan báyìí, yọ ojú rẹ̀ kan. Lẹ́yìn èyí, àwọn ènìyàn rẹ̀ fẹ́ fi jẹ olórí, ó kọ̀. Ìpín 106 ló tó dárí ji Londo. Ohun tó sọ níbẹ̀ ni kí ẹ kọ sára ògiri yàrá yín: ó ní àwọn ènìyàn òun kò lè dárí ji àwọn ènìyàn Londo láé, àmọ́ òun, òun lè dárí ji Londo. Ikọ̀ kò lè pín ẹnu sí méjì báyìí. Ẹni tí kò jẹ́ iṣẹ́ ẹnikẹ́ni mọ́ ló lè sọ ọ́.

Láti 42 dé 106 jẹ́ ìpín 64. Eré yín kò ní 110, mo mọ̀. Ẹ dín in kù bí telọ ṣe ń dín aṣọ kù, kí apá àti ọrùn má bàa yàtọ̀ síra. Nínú eré ìpín 13, ìwà rere tó bọ́ sọ́fìn á bọ́ sí ìpín 4, iṣẹ́ á bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ ní ìpín 5, ẹ̀wọ̀n ní ìpín 6, ohun tí kò ní í rí gbà padà láé (ojú, ọmọ, ilé) ní ìpín 8. Ìdáríjì ò gbọdọ̀ ṣáájú ìparí ìpín 12. Bí ẹ bá gba iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ ní ìpín 10, àyè ò ní sí mọ́ fún un láti jẹ́ ẹnì kan. Bí ẹ bá gbà á ní ìpín 2, a ò tíì rí agbára tó ní, a ò sì ní mọ ohun tó pàdánù.

Bí ẹ ṣe máa yẹ̀ ẹ́ wò nìyí. Ẹ ra pẹ́ńsùlù pupa kan àti búlúù kan. Ẹ fi pupa fa ìlà sábẹ́ gbogbo ọ̀rọ̀ ikọ̀ tí ìjọba rẹ̀ lè fi lẹ́tà rán sí i kó kà á síta. Ẹ fi búlúù sábẹ́ èyí tí òun nìkan lè sọ. Ìpín 1 sí 3, pupa ni kó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ gbogbo rẹ̀. Búlúù kan nínú ìpín kọ̀ọ̀kan ti tó, kó sì jẹ́ lórí ohun kékeré, oúnjẹ, orin, ẹ̀rín tó bọ́ lẹ́nu rẹ̀. Lẹ́yìn tí iṣẹ́ bá bọ́, pupa gbọ́dọ̀ dá wáí. Bí pupa bá ṣì wà níbẹ̀ ní ìpín 9, ikọ̀ yín ò tíì kúrò lẹ́nu iṣẹ́, ẹ kàn pàrọ̀ aṣọ rẹ̀ ni. Bí búlúù bá sì kún ìpín 1, ẹ ti kọ èèyàn rere tó ń dibọ́n, kò sì sí ohun tó kù fún un láti yí padà sí.

Ẹ̀yin kan á ní ẹ ti ra ìlànà lórí WhatsApp, pé ìgbésẹ̀ méje ló wà fún ìyípadà ọkàn, pé ẹkún gbọ́dọ̀ wáyé ní ojú ìwé kan pàtó. Ẹni tó tà á fún yín, ẹ béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ bóyá ó ti parí ìpín kan rí. Iṣẹ́ ọwọ́ ni títún ìwé eré ṣe, bí iṣẹ́ gbẹ́nàgbẹ́nà. A kì í fi fọ́tò ìjókòó gbẹ́ ìjókòó. Àwọn wòlíì inú eré yín ló tún burú jù. Ikọ̀ ṣubú lójú agbo àdúrà, ó yí gbiri, ó dìde, ó di ọmọlúàbí. Ohun tí ẹ ń sọ fún òǹwòran ni pé ẹ̀mí èṣù ló pa gbogbo ènìyàn wọ̀nyí láti ìpín 1, ọwọ́ ikọ̀ mọ́. Bí ọwọ́ rẹ̀ bá mọ́, kí ló fẹ́ ronú pìwà dà lé lórí? Ẹni tó bá fẹ́ kí àdúrà wà níbẹ̀, kí ó fi í síbẹ̀. Kó má sì jẹ́ àdúrà ló san gbèsè ikọ̀.

Àṣìṣe kejì kò dára rárá, pàápàá fún ẹni tó ń gbé Abuja, tó ń kọjá níwájú ilé aṣojú orílẹ̀-èdè ní Maitama àti Asokoro lójoojúmọ́. Ẹ ń fún ikọ̀ yín ní ìbọn iná àti oògùn. Ikọ̀ ò nílò ìbọn. Ìwé ni ohun ìjà rẹ̀. Àdéhùn Vienna ti 1961 ló to ọ̀rọ̀ yìí lẹ́sẹẹsẹ, ẹ lọ kà á, kò gùn. Abala 22: ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ wọ ilé iṣẹ́ ikọ̀ láìjẹ́ pé olórí ibẹ̀ gbà. Abala 29: a kì í mú ikọ̀, a kì í tì í mọ́lé. Nítorí náà, ìran tí ọlọ́pàá Wuse ti fi ṣẹkẹ́ṣẹkẹ̀ sí i lọ́wọ́, ẹ fà á ya. Ohun tí ìjọba tó gbà á lálejò lè ṣe wà ní abala 9: wọ́n lè sọ pé àwọn ò fẹ́ ẹ nílùú mọ́, wọn ò sì ní láti sọ ìdí. Àbí kí ìjọba tirẹ̀ fọwọ́ ara wọn ká ààbò kúrò lórí rẹ̀, abala 32. Ẹ ò rí i bí ìyẹn ṣe le ju ṣẹkẹ́ṣẹkẹ̀ lọ? Kí ilé ẹni fúnra rẹ̀ kọ̀wé pé ẹ máa mú un lọ.

Abala 27 gan-an ni ọ̀rọ̀ wà. Àpò ikọ̀, ìyẹn ẹrù tí ìjọba àti ikọ̀ rẹ̀ ń fi ránṣẹ́ síra wọn, ìbáà jẹ́ àpótí: wọn kì í ṣí i, wọn kì í dá a dúró. Àmọ́ ó gbọ́dọ̀ ní àmì lára tó hàn síta tí yóò fi ohun tó jẹ́ hàn. Ẹ rántí Umaru Dikko, mínísítà ètò ìrìnnà tẹ́lẹ̀, ará Àríwá wa níbí. Ní ọjọ́ 5 oṣù Keje 1984, wọ́n jí i gbé lójú pópó ní Lọ́ńdọ̀nù, níwájú ilé rẹ̀. Akọ̀wé rẹ̀ rí i láti ojú fèrèsé, ó pe ọlọ́pàá. Wọ́n fún Dikko lóògùn oorun, wọ́n gbé e sínú àpótí onígi, dókítà kan jókòó tì í nínú rẹ̀, rọ́bà wà lọ́nà ọ̀fun rẹ̀ kó lè máa mí. Méjì nínú àwọn ajínigbé náà wà nínú àpótí kejì. Ọkọ̀ òfurufú ẹrù Nàìjíríà ń dúró ní pápákọ̀ Stansted. Wọ́n ní ẹrù ikọ̀ ni. Àwọn aṣọ́bodè ibẹ̀ wá wo ara àpótí, wọ́n wo ìwé: àmì tó yẹ kó wà níbẹ̀ kò sí, ìwé tó yẹ kó bá a rìn kò pé. Wọ́n ṣí i. Dikko wà láàyè. Ènìyàn mẹ́rin lọ sẹ́wọ̀n. Ìjọba Nàìjíríà ìgbà náà ní òun ò mọ̀dí rẹ̀. Àárín orílẹ̀-èdè méjèèjì sì bàjẹ́ fún ìgbà pípẹ́.

Ẹ jókòó ti àpótí yẹn dáadáa kẹ́ ẹ tó kọ ìlà kan mọ́. Bí àmì bá pé lára rẹ̀, òfin ní kò sí ẹni tó gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án. Ẹ̀mí èèyàn kan, àmì àti ìwé ló so ó rọ̀. Ẹ wá fi ikọ̀ yín síbẹ̀, kó jẹ́ òun ló yẹ kó lu òǹtẹ̀. Ẹ jẹ́ ká rí ọwọ́ rẹ̀, tìmùtìmù yíǹkì, òǹtẹ̀ tó gbé sókè tí kò tíì balẹ̀. Kò sọ̀rọ̀. Kò sunkún. Ó tì í padà sínú dúróò, ó ní yíǹkì ti gbẹ. Ojú ìwé kan ààbọ̀ péré ni gbogbo rẹ̀ máa gbà, ó sì ju àlá àti wòlíì lọ. Ibẹ̀ náà ni iṣẹ́ máa ti bẹ̀rẹ̀ sí bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, nítorí ẹnì kan nílé á béèrè pé ta ló sọ pé yíǹkì gbẹ.

Babylon 5 náà mọ èyí. Vir, igbákejì Londo, ẹni tí gbogbo wọn ń fi ṣe yẹ̀yẹ́, ni wọ́n fi ṣe aṣojú sí ìlú mìíràn. Ó dá orúkọ òṣìṣẹ́ ìjọba kan tí kò sí rárá sílẹ̀, ó pè é ní Abrahamo Lincolni, ó sì ń fi orúkọ náà buwọ́ lu ìwé tó ń kó àwọn Narn jáde kúrò nílùú wọn tó ti di àhámọ́. Lẹ́yìn náà á kọ ọ́ sílẹ̀ pé wọ́n ti kú. Kò na ìbọn sí ẹnikẹ́ni. Ìpín 56 ni àṣírí tú, wọ́n sì gba ipò náà lọ́wọ́ rẹ̀.