Kí ẹ tó lẹ rọ́bà mọ́ inú mọ́tò oníná yín

Ó ti sú wa láti máa tú ohun tí ẹlòmíràn lẹ̀ mọ́ mọ́tò. Mọ́tò oníná á dé, ẹni tó ni ín á ní gbogbo ilẹ̀ inú rẹ̀ ni òun ti fi rọ́bà dúdú tẹ́ kí ariwo má bàa wọlé, láti ìdí àga iwájú dé búùtù. 50 kg ti kún ẹrù ọkọ̀, owó ti lọ, síbẹ̀ ó ń hó hùùù bó bá ti kọjá máìlì 40 ní wákàtí. Ẹ na ọwọ́ sí taya ẹ̀yìn rẹ̀, ẹ fi àtẹ́lẹwọ́ ra ojú taya náà láti inú wá síta, ó jọ̀lọ̀. Ẹ rà á láti ìta wọlé, ó ń ha ọwọ́ bí eyín ayùn. Aláìnmẹ́ǹtì ti yà, taya ti jẹ jágajàga, òun ló ń ké. A kì í fi ètè sílẹ̀ pa làpálàpá, ṣùgbọ́n ohun tí àwọn onímọ́tò ń ṣe lójoojúmọ́ nìyẹn.

Mọ́tò oníná kò ní ẹ́ńjìnnì tó ń bú tí yóò bo ariwo yòókù mọ́lẹ̀. Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Láti January 2023 ni London ti ní kí gbogbo kábù tó bá ń gba ìwé-àṣẹ fún ìgbà àkọ́kọ́ jẹ́ èyí tó lè rìn láì tú èéfín, ìdí nìyẹn tí ọ̀pọ̀ ará wa tó ń wa kábù níbẹ̀ fi bọ́ sínú irú mọ́tò yìí. Ẹni tó bá fi odidi ọjọ́ jókòó sínú ariwo taya, orí á máa fọ́ ọ bó bá délé. Ẹ̀dùn yín tọ́. Ọ̀nà tí ẹ ń gbà wo ó sàn ni kò tọ́.

Ẹ mọ ariwo tó ń dà yín láàmú ná. Ẹ wa mọ́tò náà lórí títì tí káńsù da òkúta wẹ́wẹ́ lé, tàbí ibi tó jẹ́ kọnkéré lórí M25, ọ̀nà márosẹ̀ tó yí London ká, kí ẹ tó bọ́ sórí ọ̀dà tó jọ̀lọ̀, kí eré má yí padà. Bí ariwo bá yí lójijì bí ẹ ṣe bọ́ láti orí ọ̀kan sí èkejì, taya ni. Bí kò bá yí, afẹ́fẹ́ ni. Bó bá ń pọ̀ nígbà tí ẹ bá yí ọwọ́ sí ọ̀tún, tó ń dínkù nígbà tí ẹ bá yí i sí òsì, béárìn ni, ìyẹn irin tí ẹsẹ̀ mọ́tò ń yí lórí rẹ̀. Ẹ gbé e lọ sọ́dọ̀ mẹkáníìkì lónìí, kì í ṣe ọ̀rọ̀ rọ́bà rárá. Bí eré bá di ìlọ́po méjì, ariwo taya á fi nǹkan bí decibel (ìwọ̀n ariwo) 9 sí 12 lé sí i, ti afẹ́fẹ́ á fi 15 sí 18 lé sí i. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé taya ló ń pariwo jù láàárín ìlú, tí afẹ́fẹ́ sì máa ń gba ipò lọ́wọ́ rẹ̀ lórí ọ̀nà márosẹ̀ M1 ní máìlì 70.

Bó bá jẹ́ afẹ́fẹ́, ẹ má tíì ra ohunkóhun àyàfi téèpù bébà tí àwọn tó ń kun ilé ń lò. Ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ gbogbo ibi tí nǹkan méjì ti pàdé lára mọ́tò: ìdí díńgí ẹ̀gbẹ́, etí gíláàsì iwájú, àlàfo ilẹ̀kùn iwájú níbi tó ti kan òpó gíláàsì, etí òrùlé gíláàsì. Ẹ má bo kámẹ́rà, ẹ má dí ojú ara yín. Ẹ wa á lórí títì kan náà, ní ọjọ́ tí afẹ́fẹ́ kò le. Bí ariwo bá lọ, ẹ máa bọ́ téèpù náà lọ́kọ̀ọ̀kan, ẹ máa wa á lẹ́yìn ọ̀kọ̀ọ̀kan tí ẹ bá bọ́. Èyí tí ẹ bá bọ́ tí ariwo padà dé, ibẹ̀ ni. Iṣẹ́ yìí lè gba gbogbo àárọ̀ Sátidé. Ẹ ṣe é. Kò sí onímọ̀ kankan tó lè fi ojú lásán wo mọ́tò tó dúró kó sì mọ ibi tí afẹ́fẹ́ ti ń súfèé.

Nígbà mìíràn, gbogbo téèpù á wà lára rẹ̀, ariwo kò ní yẹ̀. Á jẹ́ pé ara gíláàsì gan-an ni ariwo ń gbà wọlé. Tesla Model 3 tó jáde kó tó di ti ọdún 2021, gíláàsì awẹ́ kan ló wà ní ilẹ̀kùn iwájú rẹ̀. Láti 2021 ni wọ́n ti fi awẹ́ méjì síbẹ̀ pẹ̀lú ike tín-ín-rín láàárín wọn. Èyí tó dé lópin 2023 ní irú gíláàsì bẹ́ẹ̀ yíká. Rọ́bà kò lè sọ gíláàsì awẹ́ kan di méjì. Ẹ tú irin ìdìrù orí òrùlé kúrò bí ẹ kò bá di ẹrù lé e, òun nìkan máa ń hu ju gbogbo yòókù lọ.

Fún rọ́bà ilẹ̀kùn, ẹ gé bébà tẹ́ẹ́rẹ́, ẹ fi sẹ́nu ilẹ̀kùn, ẹ pa á dé, ẹ fà á. Bó bá yọ wọ́ọ́rọ́wọ́ láì fà sẹ́yìn, rọ́bà ibẹ̀ kò fún pọ̀. Ẹ ṣe é yíká. Bí ẹ bá máa fi rọ́bà kún un, èyí tí inú rẹ̀ ṣófo tó rí bí D ni, ṣùgbọ́n ẹ wọn àlàfo náà kí ẹ tó ra á: ẹ fi ọ̀rá tín-ín-rín wé amọ̀ tí àwọn ọmọdé fi ń ṣeré, ẹ tẹ̀ ẹ́ mọ́ ẹnu ilẹ̀kùn, ẹ pa ilẹ̀kùn dé, ẹ ṣí i, ẹ wọn bí amọ̀ náà ṣe ki tó. Rọ́bà tó fi 2 sí 3 mm ki ju ìyẹn lọ ló tọ́. Èyí tó bá jù bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ ó máa fi agbára gbá ilẹ̀kùn, gíláàsì ilẹ̀kùn tí kò ní férémù kò sì ní wọ ibi tó yẹ kó wọ̀; òjò á máa wọlé. Ẹ fi isopropyl, ọtí tí wọ́n fi ń nu nǹkan, nu irin náà, kí ojú ọjọ́ ju 15°C lọ, nítorí gọ́ọ̀mù rẹ̀ kì í mú nínú òtútù. Ẹ má fà á bí ẹ ṣe ń lẹ̀ ẹ́. Rọ́bà tí ẹ fà á padà sún kì, igun á sì ṣí láàárín ọ̀sẹ̀ kan. Ìsàlẹ̀ ilẹ̀kùn ni kí oríkèé rẹ̀ wà. Ihò kéékèèké tí omi ń gbà jáde nísàlẹ̀ ilẹ̀kùn, ẹ kò gbọdọ̀ dí i.

Ní ti taya, géèjì ni kí ẹ kọ́kọ́ wò, nígbà tí taya bá tutù. Nọ́ńbà tó wà lára òpó ilẹ̀kùn awakọ̀ ni ẹ ó tẹ̀lé. 42 psi ló wà lára ọ̀pọ̀ Model 3. Àwọn kan ń fẹ́ ẹ dé 50 kí bátìrì lè pẹ́, taya á wá le gbandi. Àwọn mìíràn ń jò ó sílẹ̀ sí 34 kó lè rọ̀. Mọ́tò oníná wúwo. Taya tí afẹ́fẹ́ rẹ̀ kò tó á gbóná lórí eré, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ sì lè bẹ́. Ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gba owó lọ́wọ́ yín pé nitrogen ń pa ariwo taya. 78% afẹ́fẹ́ tí à ń mí ni nitrogen. Irọ́ ni, olè ni.

Bí taya bá ti gbó, ẹ ra èyí tí wọ́n lẹ fóòmù mọ́ inú rẹ̀. Afẹ́fẹ́ tó há sínú taya máa ń dún fúnra rẹ̀ ní nǹkan bí 180 sí 230 Hz, ohùn gbọ̀ọ̀nrọ̀ tí ẹ ń gbọ́ lórí kòtò kéékèèké. Fóòmù yẹn ló ń gbé e mì. Nọ́ńbà decibel tó wà lára lébẹ́ẹ̀lì taya, ìta ni wọ́n ti wọ̀n ọ́n, kì í ṣe inú mọ́tò, àmọ́ ó sàn ju àìmọ̀ lọ. Agbára ìgbẹ́rù taya tuntun kò gbọdọ̀ kéré sí ti àtijọ́. Bí taya bá jò, ẹ má fọ́n oògùn inú agolo tí wọ́n fi ń dí ihò taya sínú taya olófòómù. Fóòmù á mu ún, á bàjẹ́. Ẹ máa pààrọ̀ ipò taya ní nǹkan bí máìlì 6,000, kí ẹ sì tún aláìnmẹ́ǹtì ṣe kí taya tuntun tó wọlé, nítorí bí ẹ kò bá ṣe é, òun náà á di ayùn.

Ẹ̀yìn gbogbo ìyẹn ni rọ́bà tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ irin wá kàn. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti dá irin dúró kó má gbọ̀n. Ẹ kan irin náà pẹ̀lú ìka: bó bá dún gbaun, ẹ lẹ̀ ẹ́, bó bá dún gbì, ẹ fi í sílẹ̀. Rọ́bà butyl oní-2 mm tí aluminium bo ojú rẹ̀ ni kí ẹ rà, kí ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ àárín irin náà, ìdámẹ́rin rẹ̀ ti tó, kí ẹ fi róólà yí i mọ́lẹ̀ títí àmì ojú rẹ̀ á fi pa rẹ́. Irin tó wà lórí taya ẹ̀yìn, nínú búùtù, ni ẹ ó ti rí èrè jù. Ọ̀dà tí wọ́n fi ń lẹ òrùlé ilé ni àwọn kan ń tà fún yín nítorí pé ó pọ́ọ́kú. Bí oòrùn bá pa á, á yọ̀ kúrò lára irin, òórùn rẹ̀ kò sì ní kúrò nínú mọ́tò mọ́. Bí ẹ bá fẹ́ dí ariwo lọ́nà, ike vinyl wíwúwo tó tó 5 kg ní mítà oníbùú kan lórí fóòmù 6 mm ni, kò sì gbọdọ̀ ní àlàfo: bí ihò bá jẹ́ ìdá kan péré nínú ọgọ́rùn-ún rẹ̀, ohun tó yẹ kó dí decibel 30 kò ní lè dí ju 20 lọ. Ẹni tó bá ní òun á fi rọ́bà nìkan gé decibel 10 kúrò fún yín, ẹ sá fún un. Bí ẹ bá rí 2 tàbí 3, iṣẹ́ náà dára.

Èyí tó ń kó wa lọ́kàn sókè jù ni ilẹ̀kùn, nítorí òun ni gbogbo ènìyàn ń sáré tú. Nínú ọ̀pọ̀ mọ́tò òde òní, sẹ́ńsọ̀ kan wà nínú ihò ilẹ̀kùn iwájú tó ń wọn bí afẹ́fẹ́ ibẹ̀ ṣe ń fún pọ̀. Bí mọ́tò mìíràn bá kọlu ẹ̀gbẹ́ yín, irin ìta á wọlé, afẹ́fẹ́ inú ihò náà á fún pọ̀ lójijì, sẹ́ńsọ̀ á mọ̀ ọ́n kí irin tó dé ara ènìyàn, airbag ẹ̀gbẹ́, àpò afẹ́fẹ́ tó ń dáàbò bo ènìyàn, á sì bẹ́ jáde kí ojú tó ṣẹ́. Ohun tó jẹ́ kí èyí ṣeé ṣe ni pé ihò náà dé pa: ọ̀rá tàbí awẹ́ ike kan wà lẹ́yìn pátákó inú ilẹ̀kùn, tí wọ́n fi okùn butyl rírọ̀ lẹ̀ yíká. Àwọn tó ń ṣiṣẹ́ kùtùpà á fi ọ̀bẹ ya á, wọn á kó fóòmù sínú ihò náà, wọn á fi téèpù mú un padà ní igun méjì, wọn á sì gba owó. Afẹ́fẹ́ ti rí ibi sá gbà. Sẹ́ńsọ̀ lè pẹ́ kó tó mọ̀, ó sì lè má mọ̀ rárá. Iná airbag kò ní tàn níwájú yín láti kìlọ̀, nítorí wáyà kankan kò gé. Ọjọ́ ìjàǹbá ni ẹ̀yin àti èrò ẹ̀yìn yín máa tó mọ̀, nítorí ariwo fuùù lásán!

Bí ẹ kò bá lè ṣe kí ẹ má tú u, ẹ pa mọ́tò, ẹ yọ bátìrì 12 V, kí ẹ dúró fún àkókò tí ìwé mọ́tò náà sọ kí ẹ tó fọwọ́ kan wáyà tí orí rẹ̀ yẹ́lò. Ara irin ìta nìkan ni kí ẹ lẹ rọ́bà mọ́, kó jìnnà sí sẹ́ńsọ̀ àti ihò omi. Ẹ fi okùn butyl tuntun lẹ ọ̀rá náà padà yíká, kí ibì kankan má ṣí. Ẹ má ti fóòmù agolo tó ń wú sínú òpó tàbí ìdí ilẹ̀kùn. Airbag wà nínú òpó, omi á sì há sí ìdí ilẹ̀kùn títí irin á fi dípẹtà. Wáyà aláwọ̀ ọsàn, èyí tó ń gbé iná ńlá bátìrì, ẹ má sún mọ́ ọn. Ẹ má fọ́n ohunkóhun sára àpótí bátìrì nísàlẹ̀, nítorí ó ní ihò ìmí. Lẹ́yìn bọ́ńpà ẹ̀yìn pẹ̀lú, ihò kan wà tí afẹ́fẹ́ inú mọ́tò ń gbà jáde. Ẹni tó bá fi rọ́bà dí i, gíláàsì rẹ̀ á máa kún fún ìrì ní gbogbo àárọ̀, ilẹ̀kùn á sì máa ṣòro tì.

Ẹ̀yin tí ẹ ti jẹ́ kí wọ́n tú ilẹ̀kùn yín tẹ́lẹ̀, ẹ gbé mọ́tò náà lọ sọ́dọ̀ ẹni tó ní ìwé ilé-iṣẹ́ tó ṣe é lọ́wọ́, kó ṣí pátákó inú ilẹ̀kùn iwájú méjèèjì, kó sì fi ọwọ́ tọ okùn butyl náà yíká. Kí ẹ tó gbé èrò mìíràn ni.