Ṣé Títì Fífẹ̀ Ló Ń Lé Sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ Lọ?

Bí ọkọ̀ bá ti há sójú kan ní Àkúrẹ́, Òṣogbo tàbí Abẹ́òkúta, ohun tí ẹ óò kọ́kọ́ gbọ́ lẹ́nu èrò ni pé, "Kí ìjọba tiẹ̀ wó àwọn ilé yìí, kó fẹ ọ̀nà!" Ọ̀rọ̀ náà jọ òtítọ́. Tí wọ́n bá fẹ̀ ẹ́, ọkọ̀ á rìn lóòótọ́, fún ìgbà díẹ̀.

Iye ọkọ̀ ni kì í dúró sójú kan. Ẹni tó ti ń gba kọ̀rọ̀ lọ síbi iṣẹ́ á padà sójú títì. Ẹni tó ń wọ bọ́ọ̀sì á gbé mọ́tò tirẹ̀ jáde. Ẹni tó fẹ́ kọ́lé á lọ ra ilẹ̀ sẹ́yìn ìlú, ṣebí kò jìnnà mọ́, tàárọ̀-talẹ́ ni tòun tọmọ á sì máa gba ọ̀nà yẹn kan náà. Ní Houston, Amẹ́ríkà, wọ́n fẹ ọ̀nà márosẹ̀ Katy Freeway títí ó fi ní ìlà ọkọ̀ 26 níbi tó fẹ̀ jù. Iṣẹ́ náà parí ní 2008, ó gba nǹkan bíi bílíọ̀nù 2.8 dọ́là. Láàárín 2011 sí 2014, àkókò tí awakọ̀ ń lò lórí rẹ̀ nírọ̀lẹ́ tún fi nǹkan bí ìdá 55 nínú ọgọ́rùn-ún gùn sí i.

Ìlú tó ṣì ń dàgbà lè yan nǹkan mìíràn. Ní Curitiba, Bràsíìlì, lọ́dún 1972, Jaime Lerner tó jẹ́ olórí ìlú lé mọ́tò kúrò lójú títì kan tí wọ́n ń pè ní Rua XV, ó fi í fún ẹlẹ́sẹ̀. Àwọn onísọ́ọ̀bù fárígá pé ọjà àwọn á kú. Títí dòní, èrò ń wọ́ níbẹ̀. Ní 1974 wọ́n ya ojú ọ̀nà sọ́tọ̀ fún bọ́ọ̀sì nìkan, ẹ̀gbẹ́ irú ọ̀nà bẹ́ẹ̀ ni wọ́n sì ní kí ilé gogoro pọ̀ sí, kí bọ́ọ̀sì lè wà nítòsí ọ̀pọ̀ èèyàn. (Ẹ má rò pé ibẹ̀ ti di ọ̀run: mọ́tò pọ̀ ní Curitiba bí nǹkan míì. Àmọ́ kò sí mọ́tò aládàáni tó lè dí bọ́ọ̀sì lójú ọ̀nà tirẹ̀.)

Èyí ò ní ká má tún ọ̀nà ṣe o. Kí wọ́n dí kòtò, kí wọ́n la gọ́tà, kí wọ́n ṣe ibi tí oníkẹ̀kẹ́ Márúwá á ti máa já èrò láìdúró sáàárín títì. Ẹ̀gbẹ́ títì náà ńkọ́, níbi tí ọmọ iléèwé àti ìyá tó gbẹ́rù ń gbà kọjá? Ibẹ̀ ni katakata máa ń kọ́kọ́ jẹ tí wọ́n bá ń fẹ ọ̀nà.